Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún Ṣì Wà Létí Ìró Mi

Agboolé Jagun,
Ìgbòho.
Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, ọdún 1998.

Àtàndá ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Ṣé òjò Abidjan ti jẹ́ kí ẹ rímú mí? Ọlọ́run Ọba tó mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ láìfẹsẹ̀ kọ, tó tún mú mi padà sílé láìsọ àpò nù, yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀. Bọ́tìnnì tí ò ń tà kò ní já bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, sípù rẹ kò ní há, òwú ìránṣọ rẹ kò ní lọ́jú pọ̀, oníbàárà kò ní fojú fo ìsọ̀ rẹ lọ sí ti ẹlòmíràn. Àmín. Bàbá rẹ tó jókòó sí ọ̀ọ́kán mi ní òun náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí mò ń kọ, ó kàn rí i pé mo gbé bébà lé orí odó, ó sì ní bí mo bá tẹ bírò yẹn jù, màá fi gún odó náà.

Wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa kí o tó máa bá a lọ. Kì í ṣe ọwọ́ Lassissi. Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ ọ́ fúnra mi. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn mọ́sáláṣí ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tíì lò níbẹ̀ nígbà tí mo wá kí ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, mo fi oṣù márùn-ún gbáko lé e, n kò pa ọjọ́ kan jẹ, títí kan ọjọ́ tí ẹ̀yìn ń ro mí. Bébà méjìlá ni mo ti bà jẹ́ kí èyí tó dára. Bí o bá rí ìlà kan tó gun òkè tí èkejì sọ̀ kalẹ̀, má rẹ́rìn-ín, odó kò dọ́gba ni.

O mọ̀ pé Lassissi ọmọ ilé kejì wa tó ń ná ọjà Abidjan ló ń bá mi kọ gbogbo lẹ́tà tí o ti ń gbà láti ọdún pípẹ́ wá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á fi mẹ́ta ti ara rẹ̀ kún un. Ṣé o rántí ìgbà tí mo ní kó kọ ọ́ pé ewúrẹ́ wa bí ìbejì, tí o kọ̀wé padà pé o bá Mọ́síùrá àbúrò rẹ yọ̀, pé kí wọ́n sọ ọmọ kan ní orúkọ rẹ? Mọ́síùrá fi ọjọ́ mẹ́rin bínú. Lassissi yìí náà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ni mo fi lẹ ẹnu àpòòwé rẹ̀ pa, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ojú mẹ́rin. Bí ojú ẹ̀kọ náà bá ti là, bi í léèrè pé kí ló ń wá nínú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ.

Ìdí tí mo fi ń ṣe gbogbo èyí ni pé iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi. Bàbá rẹ ló rán mi sí ọ. Mo gbé e gba Bẹ̀nẹ̀, mo gbé e gba Tógò, mo gbé e gba Gánà, mo gbé e dé Abidjan, mo sì tún gbé e padà wálé láìjẹ́ ẹ. Ẹrù tí mo tíì rù láyé mi, n kò rí èyí tó wúwo tó o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, nítorí bí mo bá ti ọ̀nà ibẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́, n kò ní rántí nǹkan mìíràn mọ́.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Mọ́síùrá ń kí ọ, ó ní o kò tíì fi àwọ̀ òwú tó yàn ránṣẹ́. Ewúrẹ́ tó bí ìbejì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà, inú ilé rẹ ni wọ́n ń sùn. Ilé rẹ náà wà níbi tí owó tó kẹ́yìn bá a dé, ojú fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì méje tó ṣẹ́kù ti di òkúta, a fi méjì jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n dùn ún jókòó sí ju àga lọ. Igi ìbẹ́pẹ kan wá hù nínú pálọ̀ rẹ. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, ẹyẹ ló gbìn ín. Ó ti ga kọjá ògiri, ó sì ti so. Bàbá rẹ kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé e, ó ní onílé kò sí nílé, ó yẹ kí nǹkan kan máa bá a dúró sí pálọ̀. Àràárọ̀ ló ń tọ̀pá lọ síbẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn, á ní àgò onílé o, kó tó wọlé. Bí ìbẹ́pẹ bá pọ́n, á gé e wẹ́wẹ́, á pín in kárí, á ní Àtàndá ló fi ránṣẹ́. A máa ń jẹ ẹ́, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kí o mọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí a padà sí Abidjan. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ, o tọ́jú mi, ara mi dán bí ẹni fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n yàrá tí ẹ mẹ́rin ń gbé ní Siporex yẹn, kò sí ìgbà tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Bí o bá wà nílé, Moufoutaou wà nílé. Bí Moufoutaou bá jáde, ẹni tó ń tún rédíò ṣe yẹn á ti kó irin rẹ̀ dé. Bàbá rẹ sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, ó ní etí Àtàndá nìkan ni kí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ bọ́ sí, ó ní gbangba lòun ti sọ èyí àkọ́kọ́, ìkọ̀kọ̀ ni kí èyí jẹ́. Mo ń dúró de àyè. Mo bá ọ dé Plateau lọ́jọ́ tí o mú mi lọ wo àwọn ilé gíga, mo rò pé ọjọ́ náà nìyẹn, o sì mú mi wọ ilé ìfowópamọ́, wọ́n fún ọ ní bébà kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, a jókòó ti àwọn ènìyàn bí ẹni pé a wà ní ilé ìwòsàn. Mo bi ọ́ pé ta ló ń ṣàìsàn. O ní Màmá, owó mi ló wà lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá ti pe nọ́ńbà yìí, wọn á kó o fún mi. Wọ́n pè é lóòótọ́, wọ́n sì kó o fún ọ lóòótọ́. Mo wá rántí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọsibítù Ṣakí náà nìyẹn, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù títí tí wọn á fi pè ọ́. Mo fi í sọ́kàn pé ibi tí wọ́n bá ti fún ènìyàn ní nọ́ńbà, nǹkan rẹ̀ kan ń dúró dè é níbẹ̀. Rántí gbólóhùn yìí, a ó padà dé orí rẹ̀.

Ìgbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, o ti ìsọ̀ ní ọ̀sán, o ní oúnjẹ kan wà tí o fẹ́ kí n tọ́ wò kí n tó máa lọ. Inú mi dùn. Mo ní a dúpẹ́, èmi àti ọmọ mi nìkan. Mo ti tún iṣẹ́ náà kà lọ́kàn mi láti ọ̀nà márùn-ún kí a tó fi ẹ̀yìn ọjà Treichville sílẹ̀. O wá mú mi wọ ilé ará Ṣáínà yẹn, tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ìkọ̀wé ara bébà náà dà bí ilé aláǹtakùn.

Àtàndá, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ilé oúnjẹ ni, oúnjẹ tútù ni wọ́n ń tà. Ẹja tútù nínú abọ́, edé tútù nínú abọ́, ẹyin kéékèèké bí ti alángbá, o sì ní ti ẹyẹ ni, ewé oríṣiríṣi, wàrà funfun tí o ní kì í ṣe ti màlúù, pé ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é, àti ohun kan bí okùn ọ̀rá tí o ní wọ́n ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ wà lórí yìnyín bí ẹni tẹ́ ọjà sílẹ̀. Mo bi ọ́ léèrè pé níbo ni iná wà, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. O ní rárá, Màmá, ẹ ṣáà mú ohun tó bá wù yín sínú abọ́, àwọn á bá wa sè é. Mo ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́, o ní àwo rẹ̀ wà ní ìkángun lọ́hùn-ún, ìkòkò rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wù mí? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé bàbá rẹ, ṣé o rí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀ yan ẹja nínú ọbẹ̀? Èmi ni mò ń bù ú. Orí ti bàbá rẹ, ìrù ti Mọ́síùrá, ikùn tó lọ́ràá tìrẹ, egungun tèmi. Mo wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ọkùnrin bọ̀rọ̀kìnní pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, kálukú ń ṣa ẹja fún ara rẹ̀, àánú wọn ṣe mí. Mo ní gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìyá wọn kò sí nítòsí.

Mo wá rí i pé ìwọ náà ti gbé abọ́, ò ń ṣà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba abọ́ tèmi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu tìrẹ sí i. O rò pé oúnjẹ mi ni mò ń mú. Mo fi ọwọ́ mú un, obìnrin Ṣáínà yẹn pariwo, ó fún mi ní ẹ̀mú irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin, mo sọ fún un ní Yorùbá pé ọmọ mi kì í ṣe irin. Olú ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí mo rántí bí o ṣe máa ń sáré tẹ̀lé mi wọ oko lẹ́yìn òjò láti tu olú, nígbà tí o kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo mú ẹyin, mo mú wàrà ẹlẹ́wà, mo mú ẹja níbi ikùn.

Wọ́n gbé abọ́ mi sórí òṣùwọ̀n. Mo kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá wọ́n máa kọ ọ́ sínú káàdì, bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n ọmọ ní ilé ìgbẹ̀bí, o ní rárá, owó ni wọ́n fi ń mọ̀. Ó dáa. Ìgbà tó wọ̀n ọ́n tán, mo na ọwọ́, mo bu olú ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní èènì. Ṣé ó burú? Ta ni kì í gba èènì? Obìnrin náà tún gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n, mo ní háà, ìyá, èènì kì í gorí ìwọ̀n, mo bu olú náà kúrò, mo dúró kó wọ̀n ọ́n tán, mo sì tún bù ú padà. Ìgbà mẹ́ta ni a ṣe é. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan ń pè mí ní tántì, ó ní kàdó, kàdó ni màmá ń bèèrè, bí wọ́n ṣe ń pe èènì lọ́dọ̀ yín nìyẹn. O bo ojú rẹ, o ní Màmá, ẹ fi sílẹ̀, màá sanwó rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, Àtàndá. Ọjà tí kò bá ní èènì, bí ìgbà tí wọ́n fún ènìyàn ní nǹkan láìwo ojú rẹ̀ ni. Obìnrin náà wò mí, ó wo olú, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn lé e, kò sì wọ̀n ọ́n mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe àdúrà fún un. Ìyá tó bí i náà wà níbì kan.

Ìgbà náà ni wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan ṣoṣo fún abọ́ àwa méjèèjì, ojú àpótí mẹ́ta wà lára rẹ̀. O ní kí n fa igi sí èyí tí mo bá fẹ́: ata díẹ̀, ata tó mọ níwọ̀n, ata púpọ̀. O sì lọ fọ ọwọ́. Mo rántí ilé ìwé wa. Olùkọ́ wa, bí o bá gba nǹkan, igi ni yóò fà sí i, èyí tí o bá kùnà ni kò ní fà. N kò fẹ́ kí wọ́n ní ìyá Àtàndá kùnà ọ̀kan, mo fa igi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fà á gígùn.

Wọ́n fún mi ní ike pupa kékeré kan, 17 wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà! Mo ní a ti mọ èyí. Mo so ó mọ́ etí ìró mi ní kókó méjì, níbi tí mo so owó ọkọ̀ mi mọ́, kó má baà sọnù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe nǹkan ní Faransé, wọ́n pè é, wọ́n pè é, èmi ò mọ̀ pé àwa ni, àfìgbà tí o padà dé tí o dá ọbẹ̀ náà mọ̀, tí o gbé e wá. Wọn kò bèèrè ike náà lọ́wọ́ mi, èmi náà kò sì tú ìró láàárín ọjà.

Kí a tó jẹun, wọ́n gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì fún kálukú. Mo ní ará Ṣáínà mọ ẹ̀tọ́, wọ́n ń fún àlejò ní orín kó tó jẹun. Mo fi ọ̀kan rin ẹnu, n kò gbọ́ pé ó korò rárá. Mo ti rún un dé ìdajì kí o tó sọ fún mi pé òun ni ṣíbí wọn. O rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ, orí mi sì wú, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ yẹn. Ẹ̀rín bàbá rẹ ni. O kò mọ̀ pé ìwọ ló gbé e lọ. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sí nílé mọ́.

Mo wá ti abọ́ olú síwájú rẹ. Mo ní tìrẹ nìyí. O ní rárá, Màmá, tiyín ni. Mo ní èmi ni mo bù ú, ìwọ ni mo bù ú fún. O wá ti èyí tí o bù fún ara rẹ sọ́dọ̀ mi, a sì ń jẹ. Mo rí i bí o ṣe ṣa gbogbo olú sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́, tí o fi pamọ́ kẹ́yìn. Bí o ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Àbúrò rẹ á máa jí i mú, ẹ ó sì jà. Irùngbọ̀n ti wà lágbọ̀n rẹ, ò ń bá wọn sọ Faransé bí omi, gbogbo ayé ń pè ọ́ ní pàtírọ̀ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá, o sì ń fi olú pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Omi bọ́ lójú mi. O ní ata ni. Mo ní ata ni.

Mo wá ní àsìkò tó. Mo ní Àtàndá, bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ... ibẹ̀ ni ahọ́n mi kú. N kò parọ́. Ilẹ̀ Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, a fi ata wẹ̀, ata kì í fò mí láyà, ṣùgbọ́n èyí kì í ta ènìyàn bí ata, ńṣe ló ń rìn lẹ́nu bí ìjàlọ, ètè mi lọ, ahọ́n mi lọ, mo fi eyín kàn án, n kò gbọ́ ọ. Mo ní ó ti parí, rọpárọsẹ̀ ti mú mi ní ilẹ̀ àjèjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣàhádà, kò jáde dáadáa. Ìwọ dúró tì mí, ò ń bu omi fún mi, ò ń sọ pé Màmá, irú ata wọn nìyẹn, á lọ, ẹ̀yin lẹ fa igi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ẹnu mi ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ ti ń sọ̀rọ̀. O ní kí n sọ fún Bàbá pé lọ́dún méjì sí i, òrùlé á wà lórí ilé yẹn, pánù aláwọ̀ búlúù tí o ti ń sọ nínú lẹ́tà tipẹ́, ìgbà náà lo máa tó wálé, o ò ní wá bá a lọ́wọ́ òfo. O na àyà rẹ bí o ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ ń dán. Mo wo ojú náà, mo gbé iṣẹ́ bàbá rẹ mì pẹ̀lú ọbẹ̀ tó kù. Ìyà tí mò ń jẹ láti ìgbà náà nìyẹn.

Ìgbà tí mo dé ibodè Sẹ̀mẹ̀ tí mo tú ìró láti mú owó ọkọ̀, mo bá ike pupa níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní nǹkan wa ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, a ti fi sílẹ̀. Mo fẹ́ fi rán Lassissi sí ọ, kí o dá a padà, kí o gba ohun tó kù. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Mo rò ó ní gbogbo oṣù márùn-ún tí mo fi ń kọ́ a, b, d.

Iṣẹ́ náà nìyí. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, n kò fi ọ̀kan kún un, èmi kì í ṣe Lassissi.

Bàbá rẹ ní o rántí ọjọ́ tí ò ń lọ, tó gbọ́ pé o ti ta kẹ̀kẹ́ òun láti fi san owó ọkọ̀, tó bá ọ ní gáréèjì, tó sì sọ lójú gbogbo èrò pé òun kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà òun, àfi bí o bá mú ohun tó ju kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀. Ó ní inú ló ń bí òun. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ lè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ tó báyẹn. Ó ní òun ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì láti ọdún kejì tí o lọ, ojú ló ń ti òun láti fi rán ènìyàn. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ojú òun kò sì ní pẹ́ tí kò ní mọ búlúù yàtọ̀ sí pupa, nítorí náà kí o má fi pánù dá ara rẹ dúró. Ó ní kí o máa bọ̀. Ó ní bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, kí o gbé ọwọ́ náà wá, ọwọ́ ọ̀hún gan-an ni òun fẹ́ dì mú.

Mo ti jẹ́ ẹ. Háà. Ọrùn mi ti fúyẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí lẹ́tà ìyá sí ọmọ kì í parí láìbèèrè. Owó tí o fẹ́ fi ra sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá, mo ń bèèrè rẹ̀. Má fi rán Lassissi. Gbé e lọ sí gáréèjì, kó o fún àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n fi gbé ọ wá. Bí ó bá kù, ra òwú Mọ́síùrá sí i. Èèsì lẹ́tà ni kí o má kọ, n kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, kíkọ nìkan ni mo mọ̀.

Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún ọ. Ibodè kò ní dá ọ dúró, táyà kò ní bẹ́, olè kò ní mọ orúkọ rẹ, ilé tí o kọ́ kù fèrèsé á rí ọ, igi ìbẹ́pẹ inú pálọ̀ á mọ onílé rẹ̀. Èmi á sì fi ọwọ́ ara mi bu ikùn ẹja fún ọ, o kò ní yàn án, o kò ní wọ̀n ọ́n. Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀, a ó lọ tu olú.

Ní ti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, kí obìnrin Ṣáínà yẹn máa fi ara balẹ̀, kò sọnù. Ó ṣì wà létí ìró mi, ní kókó méjì. N kò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Wá gbà á fúnra rẹ, Àtàndá. A ti ń pè ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Ràmúlátù.
Ọwọ́ ara mi nìyí.